Àbúrò Mi Tí Kò Lè Jókòó

Àbúrò mi Àṣírù kì í jókòó jẹun. Á gbé abọ́ lọ́wọ́, á jẹ òkèlè méjì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á jẹ ẹ̀kẹta lójú fèrèsé. Kí ìyàwó rẹ̀ tó bu omi fún un, ó ti dé géètì, ó ń wo títì bí ẹni pé ẹnì kan ṣèlérí láti wá. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, ó ti gbé jíìpù jáde lẹ́ẹ̀mẹta: láti Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá lọ sí Raji Rasaki, láti ibẹ̀ wọ Festac, yóò yí po ní Fifth Avenue, yóò padà sílé. Tí o bá bi í pé kí ló lọ ṣe, yóò ní òun kàn lọ wo ìta ni. Ìta wo? Ìta tó wò lánàá náà ni.

Èmi Yíwọlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tísà ni mí. Sùúrù mi kò pọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi mọ̀, ọkọ mi náà mọ̀ kó tó di olóògbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ aláìsinmi. Tí ọmọ ọdún mẹ́fà bá ń rìn kiri nínú kíláàsì, mi kì í pariwo lé e lórí, iṣẹ́ ni mo máa ń fún un. Wá pín ìwé. Wá nu pátákó. Kí n tó yẹjú, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé mo fi ojú mi méjèèjì wo àbúrò mi fún ọdún mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ náà kò sì sọ sí mi lọ́kàn.

Ọmọ onílẹ̀ ni wá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ìjọba gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi dá oko ẹ̀gẹ́, àwa sì ta èyí tó kù díẹ̀díẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ni bàbá wa kọ́kọ́ bí kó tó bí Àṣírù, nítorí náà láti kékeré ló ti ń mú un lẹ́yìn tó bá ń lọ wọn ilẹ̀. Àṣírù ló ń di ẹnu téèpù mú. Àṣírù ló ń wọ àbàtà dé orúnkún láti lọ ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀pẹ wà kó tó di ilé epo, ó mọ ibi tí odò kéékèèké gbà kí wọ́n tó da yanrìn dí wọn. Bàbá wa máa ń sọ pé orí ọmọ yìí ni máàpù ìdílé wa wà.

Bàbá kú, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, máàpù kù lórí ọmọ.

Ẹ má rò pé ebi ń pa á. Ilé tó ń gbé, tirẹ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó fi háyà, ìdílé sì máa ń pín nǹkan kàn án. Nígbà tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní pólì, Alàájì Ọláńrewájú, àbúrò bàbá wa tó di olórí ẹbí, ló dá a dúró. Alàájì ní ọmọ onílẹ̀ kì í bá àlejò ṣiṣẹ́. Àlejò ló ń ṣiṣẹ́ kó lè rí ilẹ̀ rà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Gbogbo ẹbí rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi tí mò ń jí ní aago márùn-ún lójoojúmọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ìgbà tó pé ẹni ogójì ọdún ni nǹkan yí padà. Fareedah ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé mi ní Festac, ó ní ọkọ òun kì í sùn mọ́, pé àyà rẹ̀ ń já láìsí ohun tó já a, pé ó máa ń wọ bálùwẹ̀ lọ sunkún, á sì ṣí omi sílẹ̀ kí òun má baà gbọ́. Mo gbéra lọ síbẹ̀. Mo ti múra láti bá a wí, nítorí tí ẹ̀rù bá bà mí, ìbínú ló máa ń bá jáde. Mo bi í pé kí ni kò ní. Ó ń yí àga po bó ṣe ń dá mi lóhùn.

“Àǹtí mi, tí mo bá jí láàárọ̀, mi ò mọ ohun tí mo jí fún.”

Mo ní kó máa kírun rẹ̀ lásìkò. Gbogbo ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà nìyẹn.

A lọ rí dókítà. Dókítà bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, Àṣírù ní ọmọ onílẹ̀ ni òun. Dókítà ní ó dáa, ìyẹn yé òun, iṣẹ́ ni òun béèrè. Àṣírù dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Wọ́n fún un ní oògùn, mi ò sì ní fi oògùn náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó jẹ́ kó máa sùn. Ṣùgbọ́n òru nìkan ni oògùn ràn lọ́wọ́. Ọ̀sán ṣì wà níbẹ̀, ó gùn bí ọ̀sán ààwẹ̀.

Ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe ọ̀gá àgbà wà létí Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rẹlẹ̀. Lásìkò òjò, orí búlọ́ọ̀kù ni àwọn ọmọ ń gbà fò dé kíláàsì. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà gbé iṣẹ́ gọ́tà fún Ẹnjiníà Dorothy, ọmọ Festac kan tí bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, búútù rọ́bà máa ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kì í sì í gbé ohùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Èmi tí mò ń pariwo, mo máa ń wò ó tìyanu-tìyanu.

Àṣírù ló ń fi jíìpù gbé mi lọ síbi iṣẹ́ nígbà náà. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ibi tó máa lọ ló ń wá. Lọ́jọ́ kan, ó já mi sílẹ̀, kò sì lọ. Mo yọjú lójú fèrèsé ọ́fíìsì, mo rí i tó dúró ti àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó la ẹnu. Ó ní omi kò ní gba ibi tí wọ́n ń gbẹ́ yẹn, pé ojú ló ń tàn wọ́n jẹ, ilẹ̀ ń gòkè lọ ni. Ẹnjiníà bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní òun kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí òun ri òpó mọ́lẹ̀ níbẹ̀, pé ọwọ́ òsì ni odò kékeré kan gbà nígbà náà, lẹ́yìn ibi tí ògiri ilé-ìwé wà báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bojú wo ara wọn. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé ọ́ọ̀sì wá, ọ́ọ̀sì gígùn kan tó mọ́ gaara, tí wọ́n máa ń rọ omi sínú rẹ̀ kí wọ́n lè fi mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí Àṣírù ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí.

Ẹnjiníà Dorothy wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún àbúrò mi rí láti ọjọ́ tí ìyá wa ti bí i. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ẹ máa lè wá lọ́la? Aago méje la máa ń bẹ̀rẹ̀.”

Aago mẹ́fà ló débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Jalabíà funfun ló wọ̀, ó sì kó àga oníke kan sẹ́yìn jíìpù, nítorí ohun tí ìdílé wa mọ̀ nípa ibi iṣẹ́ ni pé kí a gbé àga lọ síbẹ̀, kí ẹni tó ń kọ́lé lè rí i pé a ṣì wà láyé. Àga náà kò rí ìdí rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí típà kó òkúta wẹ́wẹ́ dé, àṣà àtijọ́ gbé e: ó bọ́ síwájú típà, ó na ọwọ́ sókè, ó bi dẹ́rẹ́bà pé ta ló gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọ orí ilẹ̀ yìí. Dẹ́rẹ́bà náà mọ irú wọn, ó ti ń ti ọwọ́ bọ àpò.

“Ẹ̀gbọ́n,” Ẹnjiníà ní, “òkúta tiwa nìyẹn o.”

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí ṣọ́bìrì fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé yóò wọ jíìpù, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àṣírù bọ́ jalabíà, ó ká a sórí àga, ó ku ṣíńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, ó sì gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Ìgbà yẹn ni òun náà tó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín náà láti bí ọdún mẹ́ta.

Ẹ má sọ pé mo ní ó di ẹni jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sinmi, ṣùgbọ́n ó ti ní ibi tó ń lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣáájú àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, kó rìn lọ, kó rìn bọ̀, kó wá ibi tí ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀, kó kan èèkàn mọ́ ibẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà lára ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀, ó sì ń ka nọ́ńbà náà sínú oorun. Fareedah ní ọkọ òun sùn lọ lọ́jọ́ kan tòun ti òkèlè lọ́wọ́. Dókítà dín oògùn kù. Nírọ̀lẹ́, á pè mí lórí fóònù láti sọ iye mítà tí wọ́n gbẹ́ lónìí, èmi á ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn, inú mi á sì máa dùn ṣìnkìn.

Ta ni kò ní gbọ́? Ẹnì kan ya fọ́tò ọmọ onílẹ̀ nínú gọ́tà, ó fi í sórí wọ́sáàpù ẹbí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Alàájì fi pè wá jọ. Ó ní a ti dójú ti òkú bàbá wa. Ó ní ọmọ ìdílé ń gbàṣẹ lọ́wọ́ obìnrin tó jẹ́ ọmọ àlejò, lórí ilẹ̀ tí àwa fúnra wa tà. Ó sọ̀rọ̀ títí, a ń mi orí.

Ṣùgbọ́n ti ìtìjú nìkan kọ́. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ìdílé wa lè tà, ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé mi, àárín rẹ̀ gan-an sì ni odò àtijọ́ náà gbà lọ sí ọ̀sà. Wọ́n ti fọwọ́ sí i ní ìjọba ìbílẹ̀ pé kí gọ́tà gba ojú omi náà kọjá. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan fi ojú omi náà hàn, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n láyé kò ju Àṣírù lọ. Alàájì ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà, ó sì ti sọ fún un pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Nítorí náà, ó ní Àṣírù ni yóò jẹ́ akọ̀wé ẹbí láti òní lọ, ipò tí bàbá wa wà kó tó kú. Tó bá sì tún fi ẹsẹ̀ kan gọ́tà yẹn, wọn ò ní pè é mọ́ níbi tí ìdílé bá ti ń pín ohunkóhun.

Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ mi, nítorí èmi ni àgbà lọ́dọ̀ ìyá wa. Ibi tó ń dùn mí dé òní nìyí. Mo mọ bí ọmọ yìí ṣe rí kó tó ríṣẹ́. Mo mọ̀ pé ilé-ìwé tèmi gan-an ni omi ń wọ̀. Mo wo ojú Alàájì, ẹ̀rù ẹbí bà mí, èmi ọ̀gá àgbà tí ọmọ irinwó ń bẹ̀rù.

“Àṣírù,” mo ní, “fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Òmíràn á wà.”

Kò jiyàn. Ó ní ó dáa, Àǹtí mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fọ jíìpù lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kejì, ó tú jẹnẹrétọ̀ tí kò bàjẹ́, kò sì rí i tò padà. Wọ́n gbé ìwé ńlá akọ̀wé wá fún un, kò sí ohun tí yóò kọ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, oògùn kò ràn án mọ́. Ó ń rìn nínú pálọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, kò jẹun, ì báà ṣe ní ìdúró. Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn ọmọ wà lórí ìlà, wọ́n ń kọrin òwúrọ̀ lọ́wọ́, ni Fareedah pè mí. Ó ní Àṣírù ti fẹsẹ̀ rìn jáde láti ìdájí, ó fi fóònù sílẹ̀, ó fi bàtà náà sílẹ̀.

Mo fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lórí orin. Mi ò lè sọ iye kẹ̀kẹ́ Márúwá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wọ ọ̀kan, tó bá rọra rìn, mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ òmíràn. Mo bú dẹ́rẹ́bà kan tí kò ṣẹ̀ mí. Mo lọ sí Raji Rasaki, mo padà sí Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, mo béèrè ní mọ́ṣáláṣí, mo béèrè lọ́dọ̀ fọkanáísà, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta káàdì. Inú mi ń sọ pé, Yíwọlá, ìwọ lo fa èyí. Ó kù díẹ̀ kí agogo ọ̀sán lù ni mo tó rí i ní Satellite Town, níbi tí àwọn táńkà ti ń tò lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé epo. Ó ń rìn láàárín wọn láìwọ bàtà, ó ń wo ilẹ̀, táńkà kan ń fọn fèrè sí i, kò sì gbọ́.

Mo fẹ́ gbá a létí. Ọwọ́ mi gbé e mọ́ra. Mo bi í pé kí ló ń wá níbí.

“Iṣẹ́ ti dúró, Àǹtí mi,” ó ní. “Wọn ò lè gbẹ́ kọjá ògiri ilé-ìwé. Èmi ni wọ́n ń dúró dè, mo sì ń rìn kiri.”

Ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́, láàárín táńkà méjì, lójú àwọn ọmọ mọ́tò. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, kó má bínú. Mi ò rántí ìgbà tí mo bẹ ẹnikẹ́ni kẹ́yìn. Mo ní kó padà síbi iṣẹ́ lọ́la. Ó ní Alàájì ńkọ́? Mo ní kó fi Alàájì sílẹ̀ fún mi. Ẹ gbọ́ irọ́. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi Alàájì ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, Ẹnjiníà Dorothy kò béèrè ibi tó lọ. Ó kí i, ó gbé òòlù àti àpò èèkàn lé e lọ́wọ́, ó ní ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n wà. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo fi kíláàsì sílẹ̀ fún igbákejì mi, mo tẹ̀ lé wọn. Àfi bí ọkọ̀ Alàájì ṣe dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti agbádá, òun àti ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Clement, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ń gbé Satellite Town. Ó ní ilé tí òun fẹ́ kú sí ni òun fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Ó gbé ìwé ilẹ̀ náà mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Alàájì rí Àṣírù, kò tilẹ̀ bínú. Àgbà ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí nǹkan po. Ó rìn dé àárín ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gún un, ilẹ̀ náà sì gbẹ lóòótọ́, nítorí òjò ti dá fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Clement wo ọmọ àwọn yìí dáadáa, pé kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ yìí bí i tirẹ̀. Ó wá kọjú sí àbúrò mi.

“Akọ̀wé wa, bá wa sọ fún Ọ̀gá. Ṣé omi ti gba ibí yìí kọjá rí?”

Mo mọ ohun tó wà nínú ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn: tó bá ní rárá, ó ti padà sínú pálọ̀, ó ti ń yí àga po. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní ẹbí mọ́. Ó wo èèkàn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú Alàájì, ó tẹrí ba bó ṣe yẹ kí ọmọ tẹrí ba.

“Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún díẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí lomi ń gbà. Ibẹ̀ la fẹ́ gbẹ́.”

Alàájì kò sún. Èmi ló yíjú sí, pé kí n bá ọmọ ìyá mi sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́sí.

“Alàájì,” mo ní, “ẹ sún fún un. Ẹnu iṣẹ́ ló wà.”

Ọ̀gbẹ́ni Clement ti ń ká ìwé rẹ̀ padà sínú àpò. Alàájì ká agbádá sókè, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, Àṣírù sì kan èèkàn mọ́ ojú ibi tó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìdílé pàdé, wọn ò pè é, wọn ò pe èmi náà. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí wọ́sáàpù, wọ́n yọ tèmi tẹ̀ lé e. Mo sunkún lórí rẹ̀, mi ò ní parọ́. Ẹbí ni ẹbí. Gbogbo òru ni mo fi to ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo máa sọ fún àbúrò mi, nítorí mo mọ bí nǹkan ṣe máa ń wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo pè é. Kò gbé e. Mo tún pè é. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pe Fareedah.

Fareedah ní kí n má bínú, ọkọ òun kì í gbé fóònù tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.